Mo ti pa iná balùwẹ̀, ó ṣì ń tàn bí tànátàná

Àlàbí_Mọ́kọ́lá (Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ti di ọ̀rọ̀ ìdílé nílé wa.

Ilé tí bàbá mi kọ́ ní 1986 la ń gbé, ní Ìbàdàn. Iná balùwẹ̀ ibẹ̀ kò ju lámpù hódà dúdú kan tó so rọ̀ sórí wáyà méjì láti àjà wá. Láàárín oṣù méjì, gílóòbù mẹ́ta ló ti jó níbẹ̀. Ìyàwó mi ní bí òun bá tún fi tọ́ọ̀ṣì wẹ ọmọ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á kó lọ sílé ìyá òun. Mo wá ra fítíǹgì LED roboto, 18 wáàtì, ìdí rẹ̀ jẹ́ irin, ojú rẹ̀ jẹ́ rọ́bà funfun. Lánàá tí wọ́n mú iná lọ, mo gun tábìlì, mo tú ti àtijọ́, mo dè ti tuntun mọ́ àjà. Wáyà pupa sí L, dúdú sí N. Wáyà aláwọ̀ ewé onílà yẹ́lò tó jáde lára fítíǹgì náà kò rí ẹnìkejì rẹ̀ lókè, mo bá fi téèpù dúdú wé e, mo kì í sẹ́yìn.

Nígbà tí iná dé, balùwẹ̀ mọ́ bí ọ̀sán. Gbogbo ilé ń kí mi kú iṣẹ́. Nǹkan bí agogo méjì òru ni mo dìde lọ tọ̀, mo rí i pé balùwẹ̀ ò ṣú. Mo tẹ súwíìsì, iná tàn. Mo tẹ̀ ẹ́ padà, ó kú, àmọ́ kò kú tán. Ó ń tàn fírífírí bí tànátàná tí wọ́n sé mọ́nú ìgò. Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni pé láàárọ̀ yìí, nígbà tí mo fẹ̀yìn ọwọ́ kan etí irin rẹ̀, ó ń gbọ̀n mí lọ́wọ́ wìrìwìrì. Súwíìsì wà ní pípa o.

Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

Ṣàkárá_Olóyin

Egbére ló ń sùn ní balùwẹ̀ yín. Bí ẹ bá ti lè já ẹní ọwọ́ ẹ̀ gbà, ẹ ti dolówó, ẹ má wulẹ̀ náwó lórí oníwáyà 😂

Bàbá_Oníwáyà

Àlàbí ọmọ mi, ẹ̀rín dùn, àmọ́ jẹ́ ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Lọ sídìí àpótí fíúsì báyìí báyìí, kí o sọ bíréékà tó gbé iná balùwẹ̀ yẹn kalẹ̀. Kì í ṣe súwíìsì ara ògiri ni mo wí o. Bíréékà. Lẹ ìwé mọ́ ọn kí ẹnì kan má lọ gbé e padà. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan fítíǹgì náà títí a ó fi mọ ohun tó ń ṣe é, pàápàá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tutù.

Bí o bá ti ṣe ìyẹn, dá mi lóhùn. Ṣé súwíìsì náà ní iná pupa kékeré lójú, irú èyí tó ń tàn lóru kéèyàn lè rí i? Ṣé iná NEPA nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àbí ti jẹnẹrétọ̀ náà? Tú ojú súwíìsì (bíréékà ti wà nílẹ̀ o!), kí o ka wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi, kí o sọ àwọ̀ wọn.

Àlàbí_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Mo ti sọ ọ́ kalẹ̀, mo kọ “MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN” sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Tọ́ọ̀ṣì la fi wẹ̀ lálẹ́ yìí, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ ìyàwó mi sínú àdúrà.

Súwíìsì náà ò ní iná kankan lójú. Iná NEPA ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. A tan jẹnẹrétọ̀ kékeré wa lánàá, iná balùwẹ̀ kú pátápátá nígbà tí mo pa súwíìsì rẹ̀. Wáyà méjì ló wà lẹ́yìn súwíìsì, méjèèjì dúdú. Mo ń wá pupa títí, n ò rí i.

Bàbá_Oníwáyà

Dúdú méjì. Mo fura tẹ́lẹ̀.

Nílé tí wọ́n wáyà láyé ìgbà yẹn, pupa ni láìfù (L, wáyà tó ń gbé iná wá), dúdú ni níútírà (N, èyí tó ń dá a padà), aláwọ̀ ewé ni àátì tó lọ sílẹ̀. Wáyà tuntun ti di búráùn, búlúù, àti aláwọ̀ ewé onílà yẹ́lò. Èyí ó wù kó jẹ́, láìfù ló yẹ kó gba ọ̀dọ̀ súwíìsì kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ gílóòbù. Bí ohun tí o rí yẹn bá jẹ́ ohun tí mo rò, ẹni tó wáyà ilé bàbá rẹ dojú rẹ̀ délẹ̀: ó jẹ́ kí láìfù lọ tààrà sí orí àjà, ó wá mú níútírà gba inú súwíìsì. Bí o bá pa súwíìsì, ọ̀nà àbọ̀ lo dí, o ò dí ọ̀nà àlọ. Gílóòbù á kú lóòótọ́, torí iná ò rí ibi yípo sí. Ṣùgbọ́n láìfù wà lókè níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, láti 1986. Gbogbo ìgbà tí ẹ ti ń gun àga pààrọ̀ gílóòbù níbẹ̀ pẹ̀lú súwíìsì ní pípa, orí ejò lẹ̀ ń fọwọ́ pa.

Kí ló dé tí ẹ ò fi mọ̀ láti ọjọ́ yìí? Gílóòbù ayé àtijọ́ kì í sọ̀rọ̀. Iná kíún kò lè mú òwú inú rẹ̀ gbóná débi tí yóò fi tàn. LED ò rí bẹ́ẹ̀, ohun bín-ín-tín ti tó o. Wáyà dúdú tó sọ̀ láti orí àjà wá sí súwíìsì gùn, ara ògiri tútù ló sì gbà kọjá. Iná NEPA tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń jò kíún láti ara wáyà náà sínú ògiri, bí rọ́bà tilẹ̀ bò ó. Kàpásítọ̀ inú LED ń tọ́jú èyí tó bá ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá jọ, ó ń fi tàn díẹ̀díẹ̀. Tànátàná rẹ nìyẹn.

Ti jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó sàn. Irú jẹnẹrétọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀, a kì í sábà so níútírà rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, kò sí èyí tó dá dúró gẹ́gẹ́ bí láìfù nínú wáyà rẹ̀ méjèèjì.

Ní ti wìrìwìrì ọwọ́ rẹ, àátì tí o fi téèpù wé yẹn ni. Ìdí irin, kò ní àátì, ó wà ní balùwẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù nínú gbogbo ohun tí o kọ.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì dájọ́ o. Àwọ̀ wáyà máa ń purọ́. Ó lè jẹ́ pé pupa ló tán lọ́wọ́ ẹni náà lọ́jọ́ tó wáyà ilé, tó fi dúdú ṣe láìfù. Ó sì lè jẹ́ pé láti ìta, nígbà kan tí wọ́n tún wáyà òpó yín so, ni wọ́n ti gbé láìfù sí ipò níútírà, tó fi jẹ́ pé gbogbo ilé ló dojú rú. Mọ́tímítà, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná, ló máa sọ òótọ́. Pe oníwáyà tó ní in, tó sì mọ̀ ọ́n lò.

Ọmọ_Alábà

Bàbá, ẹ ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ yìí ò tó báyìí. Kàpásítọ̀ kékeré kan wà lọ́jà, 0.1 máíkírò, 275 fóltì, onígun mẹ́rin. Ẹ fi so L pọ̀ mọ́ N lẹ́nu fítíǹgì, tànátàná á kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ti ṣe é fún bí oníbàárà mẹ́wàá.

Bàbá_Oníwáyà

Ọmọ Alábà, mo mọ kàpásítọ̀ náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì dáa níbi tí wáyà bá tọ́, tó jẹ́ pé iná pupa ojú súwíìsì ló ń fa tànátàná. Àmọ́ ti Àlàbí yìí, láìfù ṣì wà lókè lẹ́yìn tí o bá fi kàpásítọ̀ sí i. Ohun tó ń ké fún un pé nǹkan kò dáa lo fẹ́ fọwọ́ dí lẹ́nu. Nínú àwọn mẹ́wàá yẹn, mélòó lo wọn ẹnu wáyà wọn?

Ọmọ_Alábà

...

Ẹ jẹ́ kí n padà wá.

Ìyábọ̀_Peckham

Ẹ kú ìjíròrò o. Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe níhìn-ín ní Lọ́ńdọ́nù, ọdún kọkànlá rèé. Mo gbà pẹ̀lú Bàbá délẹ̀. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un tí a kì í kà sí nílé: ibi tí iná wà sí omi.

Níbí, a máa ń pín balùwẹ̀ sí agbègbè. Inú ọpọ́n ìwẹ̀ fúnra rẹ̀ ni òdo. Òkè ọpọ́n tàbí ibi tí ṣáwà wà, láti ilẹ̀ títí dé mítà 2.25, ni ìkíní. Sẹ̀ǹtímítà 60 tó yí ìyẹn ká ni ìkejì. Fítíǹgì tó bá wà ní ìkíní tàbí ìkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí omi bá ta sí lára tí kò ní wọlé, ó kéré tán IPX4 (IP ni àmì ààbò tí wọ́n ń kọ sára fítíǹgì). Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ti omi. Bí ẹ bá rí IP44 lára páálí, ó ti tó. IP65 tún dáa jù, ìyẹn ẹ lè fi omi fọ́n ọn. Súwíìsì ara ògiri pàápàá, ó ṣọ̀wọ́n kẹ́ ẹ rí i nínú balùwẹ̀ wa. Okùn la ń fà láti àjà, tàbí kí súwíìsì wà níta lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n Àlàbí, báwo ni àjà yín ṣe ga sí? Fítíǹgì yẹn jìnnà tó sí orí ṣáwà? Kí ni wọ́n kọ sí páálí rẹ̀?

Àlàbí_Mọ́kọ́lá

Àǹtí Ìyábọ̀, ẹ ṣé o. Àjà wa ga, mo wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ mítà 2.7. Ṣáwà ò sí lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Báàkẹ́ẹ̀tì la sábà fi ń wẹ̀ níbí, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n. Lára páálí, mo rí IP20.

Ìyábọ̀_Peckham

IP20 túmọ̀ sí pé ìka ò lè wọ inú rẹ̀, òdo ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni pé kò ní ààbò kankan sí omi. Ti yàrá ìgbàlejò nìyẹn. Ní gíga mítà 2.7, omi báàkẹ́ẹ̀tì lè má ta dé ibẹ̀, àmọ́ ooru omi gbígbóná á gùnkè, á dì sínú rẹ̀, á di ìkán omi, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀. Mo fura pé ohun tó ń jó gílóòbù yín nìyẹn tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú iná tó ń lọ sókè sódò. Ẹ dá a padà fún ọlọ́jà bó bá gbà. Bí kò bá gbà, ẹ lò ó ní pálọ̀.

Dékúnlé_Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará òkè òkun yìí náà! Okùn, agbègbè, mítà méjì àbọ̀. Àwa ti ń fọwọ́ ara wa pààrọ̀ iná láti kékeré, a ò kú. Bí NEPA bá ti mú iná lọ, mú píláyà kí o gun àga. Kí ló kù?

Bàbá_Oníwáyà

Dékúnlé, NEPA tó mú iná lọ kì í kọ ìwé pé ìgbà báyìí lòun á dá a padà. O ti di wáyà mú báyìí, àwọn ọmọ àdúgbò á ké “Úùùù! NEPA!”, kí o tó gbọ́ ariwo wọn, iná ti gbọ́ tìẹ. Ilé tó bá tún ní ínfátà, iná yàrá àti ti balùwẹ̀ ló sábà máa ń gbé. NEPA lọ, ínfátà gbà á láàárín ìṣẹ́jú àáyá, o ò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Aládùúgbò tó fi jẹnẹrétọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì láìsí ṣéńjìófà náà ń dá iná padà sórí wáyà ìta, ìyẹn lè gba inú ilé rẹ wọlé.

Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti 1979. Èyí tó dá mi lápá kì í ṣe iná gan-an. Abẹ́òkúta ni, 1994, mo wà lórí àkàbà nínú balùwẹ̀ oníbàárà kan. Iná kàn ta mí díẹ̀, irú èyí téèyàn á gbọn ọwọ́ nù tí á rẹ́rìn-ín bó bá wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè ni mo wà. Mo fò sẹ́yìn, mo já sórí etí ọpọ́n ìwẹ̀. Egungun apá méjì. Títí di òní, bí òjò bá ṣú, apá òsì yìí ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi.

Dékúnlé_Ìkòròdú

Ẹ pẹ̀lẹ́ Bàbá. Mo gba tiyín. (Àmọ́ a ò kú lóòótọ́ o.)

Kọ́lá_Houston

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ní Amẹ́ríkà níbí, 120 fóltì la ń lò, dúdú ni láìfù, funfun ni níútírà, àátì sì jẹ́ aláwọ̀ ewé tàbí kọ́pà ìhòhò. Mo ti ṣe ti ilé mi fúnra mi títí, ojú mi ti là. Mo wá délé ní Ọ̀ṣogbo fún Kérésì, màmá ní iná balùwẹ̀ òun bàjẹ́. Mo gun àga, mo rí pupa àti dúdú. Orí mi ní dúdú ni ewu, pupa ni mo wá ń fi ọwọ́ gbá mú fàlàlà bí ẹni mú okùn ewúrẹ́. Ọlọ́run ló ní kí àbúrò mi ti sọ bíréékà kalẹ̀ láìsọ fún mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ wálé láti Amẹ́ríkà, ẹ fi àwọ̀ tẹ́ ẹ mọ̀ sílẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú.

Sákárí_Pòbè

Ní ìhà tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, búlúù ni níútírà, láìfù lè jẹ́ pupa, búráùn tàbí dúdú. Àwọn ará ẹ̀bá ibodè tó ń ra wáyà ní ọjà méjèèjì, nǹkan tí mo ti rí nínú ògiri ilé wọn kò ṣe é fẹnu sọ.

Ọmọ_Alábà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀)

Mo padà wá. Mo lọ wọn méjì lára ti àwọn oníbàárà mi lánàá. Ọ̀kan, ti súwíìsì onínáa-pupa ni, kò séwu. Ìkejì, láìfù wà lókè ketekete. Mo ti tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀.

Kí n sì fi ìmọ̀ ọjà san gbèsè. Bí ẹ bá máa ra wáyà kún èyí tó ti kúrú lókè, 1.5 (mílímítà onígun mẹ́rin, ìwọ̀n sísanra kọ́pà rẹ̀) ni ti iná o, ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú kọ́pà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Bó bá pupa dénú, kọ́pà ni. Bí ojú rẹ̀ bá pupa tí abẹ́ rẹ̀ funfun, alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n rẹ kọ́pà lé lórí ni. Ìyẹn máa ń gbóná níbi tí síkúrù ti dì í mú, ó sì tètè ń ṣẹ́. Ọlọ́jà tó bá yarí pé kẹ́ ẹ má ha á, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Àlàbí_Mọ́kọ́lá (Ọjọ́bọ̀, 8:05 alẹ́)

Ẹ káàsán, ẹ káalẹ́, ẹ kú àdúrótì. Mo ní ìròyìn.

Oníwáyà wá lónìí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, lọ́wọ́. Mo dúró tì í látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe wù mí: ó fi mọ́tímítà rẹ̀ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó mọ̀ pé iná wà níbẹ̀, ó rí fóltì 221. Ó sọ bíréékà kalẹ̀, ó wọn ti balùwẹ̀, òdo. Ó tún padà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, ó tún rí 221. Mo bi í pé kí ló padà lọ wò. Ó ní bóyá mọ́tímítà òun ló kú láàárín méjì, kí òun tó fi ẹ̀mí òun tẹ òdo rẹ̀.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì wa tọ̀nà, láìfù wà lápá ọ̀tún níbi tó yẹ kó wà, nítorí náà kì í ṣe láti orí òpó. Ó wá gbé bíréékà, ó pa súwíìsì, ó wọn pupa tó wà lókè sí àátì tó fi wáyà gígùn fà wá láti àpótí fíúsì: 219. Súwíìsì wà ní pípa! Bàbá, ọ̀rọ̀ yín rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ó tún sọ bíréékà kalẹ̀, ó gun òkè àjà. Àpótí kékeré onírin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wáyà ti pàdé. Ó ní kí n gòkè wá wò ó. Egungun ọmọńlé kan nà gbalaja sáàárín wáyà, ó gbẹ bí panla. Rọ́bà ara wáyà méjì ti le, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ń wó wúruwúru bí èèpo ẹ̀pà. Téèpù ayé ìgbà yẹn ti yọ́ di ọ̀dà. Níbẹ̀ la ti rí i: pupa tó ti àpótí fíúsì wá ni wọ́n so mọ́ pupa fítíǹgì, dúdú tó wá ni wọ́n so mọ́ dúdú súwíìsì. Ó tú méjèèjì, ó jẹ́ kí láìfù lọ sí súwíìsì, ó mú níútírà lọ tààrà sí fítíǹgì. Ó gé ibi tó ti gbẹ sọnù, ó fi kónẹ́kítọ̀ onísíkúrù so wọ́n, kò lo téèpù. Ó wé téèpù pupa mọ́ etí dúdú tó ti di láìfù báyìí, lókè àti lẹ́yìn súwíìsì, kí ẹni tó bá tún máa tú u lẹ́yìn ọdún 40 má baà rò pé níútírà ni.

Mo ti ra fítíǹgì mìíràn kó tó dé, IP54, rọ́bà ni gbogbo ara rẹ̀, ó ní àmì onígun mẹ́rin méjì tí ọ̀kan wà nínú èkejì. Ó ní irú ìyẹn kò nílò àátì, àmọ́ òun á fa àátì wá síbẹ̀ náà, kó wà ní ìpamọ́. Ó fi rọ́bà tó bá a wá yí ẹnu ọ̀nà wáyà ká kí ooru má gba ẹ̀yìn wọlé, nítorí ó ní ẹ̀yìn ni omi máa ń gbà, kì í ṣe ojú.

Tànátàná ti kú. Mo jókòó sínú òkùnkùn balùwẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láti fi dá a lójú.

Ṣùgbọ́n nígbà tó wà lókè yẹn ló rí ohun mìíràn. Ẹ̀rọ amómigbóná tí a rà ní ọdún méjì sẹ́yìn, 2000 wáàtì, ara wáyà iná yẹn ni ẹni tó so ó ti fà á. Wáyà 1.5 náà.

Bàbá_Oníwáyà

Bíréékà ámpù mélòó ló gbé e?

Àlàbí_Mọ́kọ́lá

20.

Bàbá_Oníwáyà

Hẹ̀ẹ́n.

Ẹ bá mi ṣírò. 2000 wáàtì pín sí 230, ó sún mọ́ ámpù 9. Bíréékà iná yẹ kó jẹ́ 6 tàbí 10. Mo fẹ́ fi gbogbo ara gbà pé 10 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé lẹ́yìn tí wọ́n so ẹ̀rọ náà ló ń já léraléra, ẹnì kan wá fi 20 rọ́pò rẹ̀ kó lè “dúró”. Bíréékà tí kò já mọ́ kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ nìyẹn. Gbígbóná wáyà inú páìpù lójoojúmọ́ lè wà lára ohun tó jẹ́ kí rọ́bà rẹ̀ máa wó bí èèpo ẹ̀pà, ó lè má jẹ́ ọjọ́ orí nìkan.

Kí ẹ̀rọ náà dá wáyà tirẹ̀ ní, 2.5 láti àpótí fíúsì, pẹ̀lú àátì, bíréékà tirẹ̀, àti súwíìsì oníbejì tó ń gé láìfù àti níútírà pọ̀, kó sì wà níta balùwẹ̀. Kí iná gba bíréékà 6 tàbí 10 padà. Ìwọ sì má tan ẹ̀rọ yẹn mọ́ títí di ìgbà náà, kí ẹ máa se omi lórí gáàsì.

Ìyábọ̀_Peckham

Bí wọ́n bá ti ń tú àpótí fíúsì náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi RCD 30 mílíámpù síbẹ̀ fún balùwẹ̀ ó kéré tán. Ó ń wo ohun tó lọ lórí láìfù àti ohun tó bọ̀ lórí níútírà. Bí wọn ò bá dọ́gba, ó túmọ̀ sí pé apá kan ti gba ara nǹkan mìíràn lọ, bóyá ara èèyàn, ó sì máa já kí ọkàn tó gba ìpalára. Bíréékà lásán kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rọ amómigbóná àti ọmọ yín.

Títílayọ̀_Adó

Ẹ jọ̀wọ́, èmi náà fẹ́ pààrọ̀ tèmi. Àwọ̀ iná wo lẹ rà? Èyí tó wà ní tèmi funfun débi pé bí mo bá wo dígí láàárọ̀, bí òkú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni mo rí.

Àlàbí_Mọ́kọ́lá

😂 6500 nìyẹn. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 3000K tàbí 4000K sí lára. Ìyàwó mi ló yan 4000, ó ní 3000 kò jẹ́ kí òun rí ìdọ̀tí etí ọmọ.

Àlàbí_Mọ́kọ́lá (Ọjọ́ Àìkú, 6:30 àárọ̀)

Ẹ má bínú pé mo tún jí ọ̀rọ̀ yìí dìde. Wáyà ẹ̀rọ amómigbóná parí lánàá, RCD ti wà, a tẹ bọ́tìnnì àyẹ̀wò rẹ̀, ó já pẹ́ẹ́. Ìṣòro tuntun la ní.

Màmá mi tó wà lọ́dọ̀ wa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pè mí lóru àná. Wọ́n ní kí ló dé tí mo fi pa iná kékeré tó ń tàn ní balùwẹ̀ lálẹ́, pé òun ló ń fi ọ̀nà hàn àwọn, pé nínú gbogbo ohun tí mo ti tún ṣe nílé bàbá mi, ìyẹn nìkan ló wúlò fún àwọn. Wọ́n ní kí n dá a padà.

Bàbá_Oníwáyà

Sọ fún màmá pé mo kí wọn. Ra iná kékeré tí wọ́n ń kì sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń tàn fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kí o kì í sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn yàrá wọn. Má gbé e wọ balùwẹ̀ o!